Àṣìṣe Tí Àwa Tó Ń Ka Ẹyẹ Lẹ́yìn Ìbàdàn Máa Ń Ṣe (Èmi Náà Ti Ṣe Èyí Tó Pọ̀ Jù Nínú Ẹ̀)

Lóṣù kẹjọ ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ ka ẹyẹ láàárọ̀ Sátidé, mo pariwo sórí WhatsApp. Mo ti rin ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Mọ́níyà fún wákàtí méjì gbáko, mi ò rí lékeléke kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì rèé lóṣù kìíní, ọ̀nà kan náà yìí, ṣe ni wọ́n funfun lẹ́yìn màlúù bí ẹni da òwú sílẹ̀. Ni mo bá kọ ọ́ sí gúrúùpù wa pé "lékeléke ti ń tán ní Akínyẹlé o", mo fi èmójì ẹkún mẹ́ta tì í. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé mo yà ra àgbàdo sísun lọ́wọ́ màmá kan létí títì, mo bá ń ròyìn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ gbá itan. "Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ lé òjò lọ sókè Ọya ni? Tí ọyẹ́ bá dé wàá rí wọn." Ọyẹ́ dé lóòótọ́, lékeléke náà sì dé. Mo lọ pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́ta míì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Lékeléke kì í bá wa gbé yípo ọdún, tí òjò bá ti wọlé wọ́n á ṣí lọ sókè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé ẹyin, tí ilẹ̀ bá gbẹ wọ́n á tún padà wá. Àwòdì náà rí bẹ́ẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ máa rí i tó ń rà bàbà lókè ọjà tó ń ṣọ́ òròmọdìyẹ yín, òjò bá sì ti rinlẹ̀ dáadáa ó ti lọ. Àwọn ọmọdé tó máa ń na èékánná sí lékeléke pé kó fún àwọn ní funfun mọ ìgbà wọn ju èmi tí mo gbé binọ́kúlà kọ́rùn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ kan ń dín kù, ti oṣù kìíní ọdún yìí lẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù kìíní èṣí, ẹ má fi ẹ̀ẹ̀rùn wé òjò.

Àwọn míì tiẹ̀ wà tí wọn ò lọ ibì kankan o, aṣọ lásán ni wọ́n bọ́. Ẹyẹ kékeré pupa kan wà tó máa ń wà nínú koríko àti oko àgbàdo lọ́nà Ìjàyè, pupa ẹ̀ ń tàn yanran, àyà ẹ̀ dúdú, akọ ẹ̀ á gbé ara ẹ̀ sókè bí bọ́ọ̀lù onírun nínú òjò tó ń pe abo. Tí òjò bá ti lọ, akọ yẹn á pa ìyẹ́ dà, á di aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti ìyàwó ẹ̀, ẹni tó bá jáde lóṣù kejì á ní wọ́n ti kú tán, wọ́n sì wà níwájú ẹ̀ níbẹ̀ tó ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní ológoṣẹ́. Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, àwọn kan ń mọ ilé amọ̀ sábẹ́ òrùlé wa, àwọn kan sì ń ti Yúróòpù wá lo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá kóra jọ sùn lórí òkè Boje ní Cross River wọ́n máa ń lé ní mílíọ̀nù kan. Tí wọ́n bá padà sílé wọn lóṣù kẹrin, ẹ má dárò wọn.

Èyí tó kàn ló máa ń bí mi nínú jù, ìyẹn kéèyàn kàn dìde kó ní "ẹyẹ pọ̀" tàbí "ẹyẹ ò sí mọ́". Ẹyẹ wo? Ọ̀rẹ́ mi kan kọ́lé sí apá Ológunẹ̀rù, ó pè mí lórí fóònù, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ẹ ń sọ pé ẹyẹ ń tán, ẹ wá wo ilé mi." Mo lọ. Ọ̀pẹ kan ló kù níwájú ilé ẹ̀, ẹ̀gà ti ya gbogbo imọ̀ ẹ̀ títí ó fi dà bí ìgbálẹ̀ àtijọ́, ìtẹ́ ń fì lára ẹ̀, ariwo yẹn pọ̀ débi pé ìyàwó ẹ̀ kì í ṣí wíńdò láàárọ̀. Kannakánná wà lórí táǹkì omi, àdàbà wà lórí wáyà iná, ológoṣẹ́ wà nínú ihò òrùlé. Mo jókòó fún wákàtí kan, mẹ́rin yẹn náà ni, ẹ̀karùn-ún ò yọjú. Ọ̀rẹ́ mi ń yọ̀. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀ yẹn kó tó di ẹ́sítéètì, oko kòkó ni pẹ̀lú ìrókò láàárín ẹ̀, àwọn ẹyẹ tó ń gbé inú òjìji ibẹ̀ kì í jókòó lórí wáyà iná láéláé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù yìí, ibi gbangba ni wọ́n fẹ́, àgbàdo wa ni wọ́n fẹ́, pàǹtírí wa ni wọ́n fẹ́, tí igbó bá wó báyìí wọ́n á wọlé. Ariwo pọ̀ sí i, oríṣi dín kù, ẹni tó bá fi etí nìkan kà á, á sọ pé nǹkan ti dáa.

Ẹ̀gà tiẹ̀ ní ìbátan kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ibadan Malimbe. Ọ̀gbẹ́ni Elgood tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó ṣì ń jẹ́ University College ló kọ nípa ẹ̀ fún aráyé ní 1958. Ó dúdú, orí àti àyà ẹ̀ pupa, inú igbó ló ń gbé, kò sì sí níbòmíràn láyé yìí àfi ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, ó ti wà nínú ìwé àwọn tó lè pòórá. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bíi 350 hẹ́kítà, wà lára ibi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún un. Tẹ́ẹ bá da òun àti ẹ̀gà pọ̀ sínú nọ́ńbà kan, ẹ̀gà 1,000 á gbé e mì, kódà bó bá tán pátápátá àpapọ̀ yín ò ní yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì rí ẹyẹ dúdú olórí pupa kan lókèèrè kẹ́ẹ sáré kéde pé òun ni, àwọn ìbátan ẹ̀ tó jọ ọ́ pọ̀ nínú igbó wa.

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀gà, ẹ má ka ìtẹ́ kẹ́ẹ pè é ní tọkọtaya. Mo ti ṣe é rí, mo ka ìtẹ́ 60 lórí igi kan, mo kọ "ẹyẹ 120". Akọ ẹ̀gà kan ṣoṣo lè hun ìtẹ́ bí i mélòó kan, abo á wá wọ inú ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wá yàrá rẹ́ǹtì, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á lọ, akọ náà á tú u dànù, á tún òmíràn hun. Òfìfo ló pọ̀ nínú 60 yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wá ńkọ́? Ọ̀nà méjì làwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń gbà ṣì í. Àwọn kan á gbé gbogbo ẹ̀ mì láìbéèrè, àwọn kan á ní àlọ́ ni. Bàbá ọdẹ kan wà lójú ọ̀nà Àkànràn tí mo máa ń lọ bá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n pé ẹyẹ wo ló ti lọ, wọ́n ní "Gbogbo ẹ̀ ló ti lọ, ọmọ mi." Ìyẹn ò wúlò fún mi. Mo wá yí ìbéèrè padà, mo ní, "Bàbá, nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ agbe níbí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n yọ orógbó lẹ́nu. "Nígbà Àgbẹ́kọ̀yà kẹ̀? Òun ló ń jí wa nínú igbó tá a sá pamọ́ sí." Ọdún tí Ògùnpa gbé Ìbàdàn lọ ńkọ́? Ó ṣì wà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ó ti sún sẹ́yìn, nítorí àwọn onígẹdú ti dé. Ẹ wò ó, 1968 àti 1980 rèé nínú ìwé mi, látẹnu ẹni tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdí ẹ̀. Kò sí áàpù kankan tó lè fún mi nìyẹn. Ẹ má bi àgbà pé "ọdún mélòó sẹ́yìn", ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni kẹ́ẹ fi mú un. Ẹ má sì rò pé ohun tẹ́ẹ bá nílẹ̀ nígbà tẹ́ẹ wà ní pírámárì ni ìbẹ̀rẹ̀ ayé, èmi tí mo bá àparò mẹ́fà lóko bàbá mi rò pé àparò pọ̀, bàbá mi sì ti ń ráhùn nígbà náà pé ó ti tán.

Àṣìṣe kẹrin, àbí karùn-ún ni, mi ò kà á mọ́, ẹ jẹ́ n ṣáà máa wí: ẹ má fi òdo sílẹ̀ láìkọ. Èèyàn á jáde, kò rí àwòdì, kò ní kọ nǹkan kan, lọ́dún kẹta tá a bá wo ìwé ẹ̀ a ò mọ̀ bóyá kò rí i ni àbí kò wò. Ẹ kọ ọ́: àwòdì, 0. Ẹ má sì máa pààrọ̀ ọ̀nà kiri pé níbí ẹyẹ ò sí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Eléyẹlé níbi tí wọ́n pọ̀ sí. Ọ̀nà kan, aago kan, ìṣẹ́jú iye kan náà, yálà ibẹ̀ dáa o tàbí kò dáa. Tẹ́ẹ bá ti ń lọ sí ibi tó dáa nìkan, ìwé yín á máa dáa sí i, ẹyẹ á sì máa tán lẹ́yìn yín.

Iṣẹ́ àtíláàsì ẹyẹ Nàìjíríà, ìyẹn máàpù tó ń fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà hàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ń ṣèrànwọ́ níbi tí a dé yìí. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àpótí-àpótí tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9, ẹ máa lo wákàtí 2 ó kéré tán nínú ọ̀kan, ẹ máa kọ oríṣi tẹ́ẹ bá rí tẹ̀ léra wọn lórí fóònù. Àmọ́ ẹ má ṣì í lò: oríṣi ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, kì í ṣe iye. Tí ẹ̀gà bá wà nínú àpótí kan, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ 1,000. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni iye ìgbà tó jáde nínú gbogbo lísìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Kéèyàn di gbogbo ẹ̀bi ru ìdí kan ṣoṣo náà, àṣìṣe ni. Tá a bá sọ pé igún ò sí mọ́, ẹnì kan á dáhùn pé "àwọn oníṣègùn ni", ẹlòmíràn á ní "òyìnbó ni". Àwọn tó dàgbà jù mí lọ rántí igún lórí páànù odò ẹran Bódìjà, ó ń dúró de ìfun bí ẹni tó dá owó ẹ̀ síbẹ̀. Ní 2015, IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu sílẹ̀, gbé igún tiwa yìí lọ sí ipò ewu tó ga jù lọ kẹ́yẹ tó pòórá. Wọ́n ń pa á tà fún oògùn lóòótọ́, àwa tí Ifá sọ fún pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fi májèlé sínú òkú ẹran nítorí ajá tàbí ìkookò tó ń jẹ ẹran ẹ̀, gbogbo igún tó bá bà sí i lọ náà nìyẹn, ọ̀sán kan péré. Àwọn igi ńlá tó ń tẹ́ ìtẹ́ sí ń lọ sí sọ́míìlì. Ó sì wá jẹ́ pé ẹyin kan ni igún máa ń yé. Adìyẹ lè kú mẹ́wàá kó dí i lọ́dún kan náà, igún ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń ṣàdúrà pé gúnnugún kì í kú léwe. Ó ti ń kú léwe báyìí.

Nọ́ńbà òyìnbó, ẹ fi í síbi tó wà. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà kọ ọ́ ní 2019 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 ẹyẹ ti dín kù lọ́dọ̀ wọn láti 1970, àwọn ẹyẹ oko Gẹ̀ẹ́sì náà ti dín ju ìdajì lọ láàárín ìgbà yẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ oko tiwọn ni, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ro ilẹ̀ títí dé etí títì. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí wọ́n fi ọkọ́ àti àdá ro ní Lágẹlú kì í ṣe irú ẹ̀, ẹ má kan mú nọ́ńbà yẹn wá sínú ìpàdé kẹ́ẹ ní ti Ìbàdàn ni.

Àwọn kékeré tó kù: ẹ má jáde lọ́sàn-án gangan, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ẹyẹ ń sọ̀rọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé áàpù tó ń dá ohùn ẹyẹ mọ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tílẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ẹ wò ó dáadáa, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ "kannakánná 200, wọ́n ń lọ sùn", àdán ni gbogbo ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ má gbé ibi tí ìtẹ́ wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èṣí, mo rí òwìwí tó yé sínú ilé àwókù kan lábúlé, ẹyẹ tó ń bá wọn pa eku lóko tí wọ́n ń pè ní ẹyẹ àjẹ́, mo ya fọ́tò, mo póòsì ẹ̀ láìsọ ibi tó wà. Láàárín wákàtí kan, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí wọ ínbọ́ọ̀sì mi. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ibo lẹ ti rí i?" Mo ní Ọ̀yọ́ State. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ní Ọ̀yọ́ State?" Mo ní Ìbàdàn. Ó ní "Ìbàdàn ibo?" Mo ní Ìbàdàn tó ní òkè méje. Kò tíì dá mi lóhùn títí dòní.