Kí ẹ tó ní Màmá ti ń ṣarán

Kí àgbàlagbà gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ìyẹn ò tíì dàrùn. Àmọ́ bí ìyá tó ti ń ta ẹja tipẹ́ lọ́jà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́, kò bá lè ṣírò ṣéńjì oníbàárà mọ́, tàbí tí wọ́n ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí kan, ẹ wádìí.

Ẹ má fi ìtàn àtijọ́ dán wọn wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣì í: Màmá ki oríkì ìdílé láìfọ̀kan sílẹ̀, ilé bá ní iyè wọn pé. Hippocampus, apá kékeré inú ọpọlọ tó ń tọ́jú ohun tuntun, ni àrùn Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń mú àgbàlagbà ṣarán, sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ohun àtijọ́ ti fìdí múlẹ̀ níbòmíràn, kì í tètè lọ. Nítorí náà, ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bí iṣu, ọkọ̀, abẹ́rẹ́, kí wọ́n pè é tẹ̀ lé yín. Bí wọn ò bá lè pè é rárá, ó lè jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ wo etí wọn. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ọjọ́ orí lásán ń dà láàmú sábà máa ń rántí bí ẹ bá ní, "Ọ̀kan jẹ́ ohun jíjẹ." Ẹni tí hippocampus rẹ̀ ti ń kú kì í sábà rántí, bí ẹ tilẹ̀ ta á lólobó. Èyí kò tó láti fi pe orúkọ àrùn o. Ó kàn ń sọ pé ó tó lọ sọ́sípítù.

Obìnrin kan kú ní Jámánì lọ́dún 1906. Nínú ọpọlọ rẹ̀ ni dókítà Alois Alzheimer ti rí purotéènì tó ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyí tí a mọ̀ sí amyloid lónìí, àti òmíràn, tau, tó lọ́ pọ̀ nínú wọn. Tau ló yẹ kó máa di ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú sẹ́ẹ̀lì mú. Bó bá lọ́ pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á kú. Èyí lè ti máa lọ fún nǹkan bí 20 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọjọ́ orí ló ń fà á jù. APOE4, jíìnì kan tí èèyàn ń jogún lára òbí, ń dá kún un, ṣùgbọ́n ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1992 fi hàn pé kì í mú àwọn Yorùbá ibẹ̀ tó bó ṣe ń mú adúláwọ̀ Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá àti etí dídi náà lọ́wọ́ sí i. Kò kan àjẹ́.

Alzheimer máa ń yọ́ wọlé ni. Ìgbàgbé tó dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ: ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, àrùn inú ìtọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń rọra dà sórí ọpọlọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú lórí ọ̀kadà, kódà bó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹni tó ń bá wọn gbé ni kó tẹ̀ lé wọn. Màmá fúnra wọn á ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ẹ kó gbogbo oògùn sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti Piriton tí wọ́n fi ń sùn, torí Piriton ń dí acetylcholine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń rántí, lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 àti hòmóònù thyroid, tó ń wá láti ọrùn, wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbàgbé tí àìtó wọn ń fà ṣeé tọ́jú. Bó bá wá jẹ́ Alzheimer lóòótọ́, oògùn donepezil lè ran ìrántí lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò ní dá àrùn dúró. 5 mg lálẹ́ ni dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra jù. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn tàbí wọ́n dákú, ẹ pe dókítà kí ẹ tó fún wọn ní òmíràn.