Ọgbẹ́ àti àìsàn awọ ara axolotl: ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó wá oògùn

Axolotl jẹ́ ẹ̀dá inú omi tó jọ aláǹgbá, tó sì jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán axolotl tó ń ṣàìsàn hàn mí, omi rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Amóníà rẹ̀, ìyẹn májèlé tí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ń tú sínú omi, ńkọ́? Náítíráìtì tí bakitéríà ń sọ amóníà dà ńkọ́? Báwo ló ṣe tutù tó? Àwọn kan máa ń fajú ro, torí orúkọ oògùn ni wọ́n bá wá. Ṣùgbọ́n ẹranko yìí kò ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń fa ohun tó wà nínú omi mu. Ọ̀nà tí ìdọ̀tí gbà wọ̀ ọ́ lára náà ni oògùn tó le jù yóò gbà wọlé, tí yóò sì ṣe é ní jàǹbá.

Amóníà àti náítíráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Náítíréètì ní tirẹ̀, ìyẹn ohun tí náítíráìtì ń dà gbẹ̀yìn, kò ṣeé yẹ̀ pátápátá, àmọ́ èmi kì í jẹ́ kó kọjá 20 ppm (ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan). Omi tó bá a lára mu ni èyí tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti ń lọ sí 24, ara ti ń ni ín nìyẹn. Bí ìyẹ́ tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bá tẹ̀ síwájú, tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì ká kò, ó ń fẹjọ́ omi sùn yín ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ awọ pípọ́n tó lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n tún omi ṣe, láìlo oògùn kankan.

Bí ọgbẹ́ tàbí àìsàn bá wà lóòótọ́, ẹ gbé e kúrò nínú táńkì lọ sínú ike tó mọ́, tí ọṣẹ kò kàn rí, tó lè gba lítà omi 5 ó kéré tán. Ẹ má fi àwọ̀n gbé e o, ọmọ ìka àti ìyẹ́ rẹ̀ á há sínú ihò àwọ̀n. Ẹ ri abọ́ sínú omi, kí ẹ rọra darí rẹ̀ wọnú abọ́ náà. Ike méjì ló dáa jù: bó ṣe ń sinmi nínú ọ̀kan, omi ọ̀la ti ń tutù nínú ìkejì. Gbogbo omi náà pátá ni ẹ ó máa pààrọ̀ lójoojúmọ́, torí kò sí fíltà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ lo oògùn tó ń pa kilorín inú rẹ̀, kí ẹ sì ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n bá fi aloe vera sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ da aṣọ bo ike náà, iná tó mọ́lẹ̀ jù máa ń dà á láàmú.

Ẹ wá wo ara rẹ̀ fínnífínní. Fúńgọ́ọ̀sì máa ń ṣù funfun bí òwú, fọ́nrán rẹ̀ sì máa ń mì lẹ́lẹ́ bí omi bá mì. Orí ìyẹ́ àti ojú ọgbẹ́ ló fẹ́ràn jù. Àìsàn kan wà tó máa ń fi ara jọ ọ́, columnaris lorúkọ rẹ̀, bakitéríà ló ń fà á. Òun máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ awọ, ó lè ní àwọ̀ eérú tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í sì í mì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí omi tó gbóná ni columnaris fi ń gbèrú, oògùn apakòkòrò (antibiotic) láti ọwọ́ dókítà ẹranko ló sì sábà máa ń gbà. Awọ tinrín tó ń bó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àìsàn. Ìyẹ́ tó pọ́n fòò lára axolotl funfun nígbà tó bá ń rìn kiri náà kì í ṣe àìsàn, ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ikun bá ń já lára rẹ̀ wàlàwàlà, ẹ padà lọ wọn amóníà.

Fún fúńgọ́ọ̀sì, ìwẹ̀ iyọ̀ ni mo gbọ́kàn lé. Ṣíbí ìmutíì 2, tí kò ga lórí, sí lítà omi 1. Iyọ̀ tí kò ní áyódìn ni o. Ẹ rò ó títí hóró kankan ò ní kù, torí hóró iyọ̀ tó bá bà lé e lára á ta á gan-an. Omi iyọ̀ àti omi ike gbọ́dọ̀ tutù bákan náà. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kó má kọjá 15 rárá. Ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà kíjokíjo, ẹ gbé e jáde kíá. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, àárọ̀ àti alẹ́, torí iyọ̀ àpọ̀jù á ba ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ekòló tán, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ náà dà ná, kó má baà bì í. Lẹ́yìn ìwẹ̀ bíi mélòó kan, òwú náà á rọ, á lẹ̀ pẹ́tẹ́ mọ́ ìyẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa rí wóróbo funfun rẹ̀ nísàlẹ̀ ike. Ẹ má fi ohunkóhun fà á. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé kó fà á, àmọ́ fọ́nrán ìyẹ́ ló máa bá a já.

Tó bá jẹ́ pé ara kàn bó díẹ̀ ni, bóyá òkúta gbá a lára, mi ò ní lo iyọ̀. Ewé igi fúrúùtù (Indian almond) gbígbẹ tí a fọ̀ dáadáa, tàbí tíì dúdú lásán tí a ti jẹ́ kó tutù, á jẹ́ kí omi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á sì tù ú lára. Tíì tí wọ́n fi adùn mìíràn sí kò bọ́ sí i. Ní ti àwọn tó máa ń sáré gbé e sínú fíríìjì, òtútù 5 sí 8 máa ń fa fúńgọ́ọ̀sì sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń dín agbára tí ara axolotl fi ń gbógun ti àìsàn kù. Èmi kì í tètè ronú dé ibẹ̀.

Ìbunijẹ ni wàhálà àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á máa gé ara wọn lẹ́sẹ̀ jẹ, pàápàá bí ebi bá ń pa wọ́n tàbí tí àyè bá há. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá báńdéèjì. Ibi tó já náà lè dẹ́rù bani, egungun lè yọ funfun síta, àmọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, awọ á ti bo ojú rẹ̀. Kókó róbótó kan á wá yọ, á fẹ̀ sí pẹlẹbẹ, ìka méjì á kọ́kọ́ fara hàn lórí rẹ̀, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ lè gba oṣù kan tàbí méjì. Àgbà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tútù tó mọ́ àti oúnjẹ gidi ni gbogbo iṣẹ́ yín. Àwọn kan máa ń ṣi kókó tuntun yìí mú fún fúńgọ́ọ̀sì. Ẹ rántí pé kókó kì í mì.

Bí ikùn tàbí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ní àmì pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ, tí ara rẹ̀ wú, tàbí tí ọgbẹ́ ń jinlẹ̀ sí i, ẹ má fi iyọ̀ tàbí tíì fi àkókò ṣòfò. Dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá bí ọ̀pọ̀lọ́ ni kí ẹ sáré lọ bá. Ẹ má sì da oògùn ẹja sí i: èyí tó ní kọ́pà, formalin tàbí malachite green nínú lè pa á. Methylene blue ni àwọn dókítà kan máa ń fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n inú ike nìkan ni, torí bó bá dé táńkì, yóò pa bakitéríà rere inú fíltà tó ń jẹ amóníà, amóníà á sì tún yọjú.

Kí ẹ tó dá a padà sínú táńkì, ẹ tún omi wọ̀n, kí ẹ kó òkúta tó ní etí mímú kúrò, kí ẹ sì fi abọ́ gbé e padà. Bó bá ti ń jẹun, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn déédéé, ó ti tó àkókò.