Èso Fún Ológbò: Èyí Tó Lè Tọ́ Wò, àti Ọsàn Tí Kò Gbọ́dọ̀ Kàn Án

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ń sin ológbò nílé àti fún àgbẹ̀ tó fi ológbò ṣọ́ àká àgbàdo tàbí ilé kòkó. A kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń sin ológbò. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni àwọn ológbò tí wọ́n ń gbé wá bá wa lásìkò ọsàn, tí ara wọn ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, tí onílé sì ń búra pé òun kò fi májèlé sílẹ̀ níbì kankan. Bí a bá wádìí rẹ̀ dáadáa, ọsàn ni. Wọ́n fún un sí i lẹ́nu nítorí pé ó ń sín, tàbí wọ́n fi èèpo rẹ̀ ra á lára nítorí eégbọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdáhùn ṣáájú, torí àwọn kan kò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Èso díẹ̀ tó ti pọ́n, tí a bó, tí a yọ kóró rẹ̀, kò ní ṣe ológbò tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan kan. Ọsàn kò sí lára èso tí à ń sọ yìí, àjàrà, píà àti àwọn yòókù tí a kà sí ìsàlẹ̀ náà kò sí lára rẹ̀. Ọsàn mímu, ọsàn wẹ́wẹ́, òroǹbó, tánjarín: kò sí èyí tó yẹ ológbò nínú wọn, ì báà ṣe omi rẹ̀, èèpo rẹ̀ tàbí ewé rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń pariwo ọsàn

Òróró inú èèpo ọsàn, èyí tó máa ń ta síni lójú bí a bá ń bó o, ni ọ̀tá. Èròjà méjì tó ń fún un lóòórùn, limonene àti linalool, wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa lè palẹ̀ wọn mọ́ kíákíá. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára bẹ́ẹ̀. Ológbò sì máa ń lá ara rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ohun tí ẹ rò pé ara lásán lẹ fi pa, inú ló ń lọ.

Wọ́n á ní vitamin C wà nínú ọsàn, pé ó ń lé ọ̀fìnkìn. Ọmọ yín nìyẹn. Ológbò ń ṣe vitamin C tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń sín, tí ojú rẹ̀ ń ṣepin, dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

Ní ti eégbọn, òòyà eléyín wẹ́wẹ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn ológbò ni kẹ́ ẹ rà, kí wọ́n sì wọn ológbò náà kí wọ́n tó wọn oògùn fún un. Ẹ má mú oògùn eégbọn ajá lò fún un. Èyí tó bá ní permethrin, oògùn apakòkòrò kan, nínú lè pa á, bí ó tilẹ̀ kéré. A mọ̀ pé ti ajá ló rọrùn láti rí lọ́jà. Bó ti wù kó rí, ẹ má lò ó.

Ìwọ̀n

Ẹran ni oúnjẹ ológbò. Ológbò tó wọn kílógíráàmù 4 ń fẹ́ nǹkan bíi kálórì 200 sí 250 lójúmọ́. Adìẹ bíbọ̀ tí kò ní egungun, gíráàmù 130, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Gbogbo ìpanu pátá, èso àti ohun mìíràn, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ní ti èso, tiwa kéré ju ìyẹn: ṣíbí tíì kan, kí ó má kún bo etí, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ṣíbí wà nílé.

Ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa: ègé méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó, láìsí èèpo, láìsí kóró dúdú kankan. Wọ́tàmẹ́lọ̀n náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: ègé kan ṣoṣo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, torí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ìbẹ́pẹ lọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó: ègé kan, kí ẹ sọ igi àárín rẹ̀ nù. Máńgòrò: ègé kan láti inú ẹran rẹ̀, kí ẹ sì bó èèpo náà jinlẹ̀, torí oje abẹ́ èèpo máńgòrò máa ń ta ni lẹ́nu, ẹni tó ti fi eyín ya máńgòrò dúdú rí mọ ohun tí à ń wí. Ápù: ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a bó, kí ẹ yọ kóró rẹ̀ nítorí èròjà tó ń di májèlé sáyánáìdì nínú ikùn. Àgbọn kò ju ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọ̀rá rẹ̀ ń mú wọn ṣu omi. Àgbálùmọ̀ àti ìyeyè, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kóró àgbálùmọ̀ ń yọ̀, ó sì lè há ológbò lọ́fun.

Tí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ègé kan péré ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì dúró fún wákàtí 24. Bí ó bá bì tàbí tó yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má fún un ní èso náà mọ́. Ègé tí kò bá jẹ láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ kó o kúrò nílẹ̀ kí èèrà tó dé. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, èyí tó sanra jù, èyí tó ní àtọ̀gbẹ àti èyí tó ń ṣàìsàn, kò sí èso fún wọn rárá.

Bí ó bá sì gbọ́ òórùn rẹ̀ tó yísẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ológbò kò mọ adùn ṣúgà. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Monell Chemical Senses Center ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, jẹ́ kó di mímọ̀ pé apá kan nínú ohun àbínibí tó ń jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá ń jẹ ìbẹ́pẹ, bóyá omi inú rẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó ń fọwọ́ la ẹnu ológbò láti fi èso sí i, inú ara rẹ̀ ló ń dùn sí. Kì í ṣe ológbò ló ń ṣe lóore.

Èso kì í dí àlàfo ẹja

Èyí burú ju ìwọ̀n lọ. Àwọn kan ń fún ológbò ní ẹ̀bà àti ìbẹ́pẹ, wọ́n ní bí ebi bá ń pa á ni yóò máa pa eku. Irọ́ ni. Ológbò tó yó ń pa eku, ó sì lágbára láti fi lé e. Èyí tí kò rí ẹran tàbí ẹja jẹ kò ní taurine tó, èròjà inú ẹran àti ẹja tí ara rẹ̀ kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á máa rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àwọ̀ pupa inú ìbẹ́pẹ àti máńgòrò tó ń di vitamin A lára ènìyàn, kò lè dà bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Ẹja, ẹran, ọkàn adìẹ àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀ ló ti ń rí tirẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ra ẹja, ẹ má sin ológbò.

Àwọn yòókù tí a kò gbọ́dọ̀ fún un

Èso àjàrà, tútù àti gbígbẹ, títí kan èyí tó wà nínú kéèkì, torí ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Píà, torí persin, èròjà olóró inú rẹ̀, àti ọ̀rá. Iṣin: èyí tí kò tíì la fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni fún ènìyàn pàápàá. Tòmátì tútù tí kò pọ́n àti ewé rẹ̀. Èso inú agolo tí wọ́n fi sínú omi ṣúgà, àti omi èso inú páálí. Kòkó, ṣokoléètì àti obì, torí theobromine àti kaféènì tí ń da ọkàn rú. Ẹ má jẹ́ kí ológbò fi ibi tí ẹ ń sá kòkó sí ṣe ibùsùn. Àlùbọ́sà kì í ṣe èso, àmọ́ ọbẹ̀ tí ẹ ń bù sórí oúnjẹ rẹ̀ kún fún un, ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi májèlé sínú ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí òkété, ẹ dẹ́kun rẹ̀ níbi tí ológbò wà. Bí ológbò kò bá jẹ ìbẹ́pẹ náà, yóò jẹ eku tó jẹ ẹ́.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ mílíìkì, ẹ má rọ omi iyọ̀. Gbogbo ìgbà la ń rí i: ọsàn kò tíì pa ológbò, epo pupa ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ohun tó sì pa á nìyẹn. Ẹ má gbìyànjú láti mú un bì.

Bí ó bá jẹ́ ara ni wọ́n fi ọsàn pa, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án títí òórùn ọsàn yóò fi lọ, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi aṣọ wé e kí òtútù má mú un. Bí ó bá jẹ́ ẹnu, ẹ yọ èyí tó kù kúrò. Bí ó bá ń gbọ̀n, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí itọ́ rẹ̀ kò dá, tàbí tó bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ tún béèrè dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ aago tó jẹ ẹ́ sílẹ̀, àti iye tó jẹ. Ẹ mú èèpo náà tàbí ike oògùn náà dání, kí ẹ sì gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí, torí èyí tó ń ṣàìsàn máa ń fo bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà.