Ilé wa ò ní nọ́ńbà: bí mo ṣe gba oògùn ikọ́ ife fún àbúrò mi

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn láàárín àwọn ilé páànù wa kí n tó mọ̀ pé owó ni mo ń sọ sómi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni àbúrò mi fi ń wúkọ́. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ló ń fẹ́. Alágbàtà oògùn ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Àyẹ̀wò náà ò le. Àbúrò mi ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike nílé ìwòsàn, wọ́n ní ikọ́ ife ni, àti pé ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀fẹ́! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún owó mi.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ ni wàhálà wà. "Nọ́ńbà ilé yín ńkọ́?" Kò ní. "Orúkọ òpópónà?" Kò ní. Akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílé. Onílé fárígá: ilẹ̀ náà kì í ṣe tiẹ̀, kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn nínú ìwé kankan. Mo padà lọ́wọ́ òfo, ni wọ́n bá tún ń béèrè ìwé ìgbélùú, torí àlejò ni wá. Láti ọdún 2000 ni ìgbìmọ̀ kan ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ìjọba má fi ìtọ́jú du àlejò tí kò ní ìwé. Ta ni mo fẹ́ kà á fún lójú fèrèsé yẹn?

Ìgbà kẹta tí mo lọ, nọ́ọ̀sì kan gbọ́ ariwo mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Tó bá pa oògùn jẹ, ibo la ti máa wá a?"

Àṣé ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn! Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lo oògùn náà. Ẹni tó bá ń lò ó ségesège lè sọ kòkòrò náà di èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Mo ya páálí, mo ya àwòrán sí i: ẹ̀rọ omi, ọ̀nà kejì lápá òsì, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mo kọ nọ́ńbà fóònù aládùúgbò sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á kíá. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ mọ́kànlá!

Ẹ tètè bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi àdírẹ́sì ṣe. Tí ẹ bá sì máa kó kúrò ládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ilé ìwòsàn tó kàn. Oògùn náà máa ń sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú. Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o dànù, ó ní májèlé ni.

Ó ti wọ oṣù karùn-ún. Páálí mi ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Aládùúgbò méjì ti dà á kọ. Àwọ̀ ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n yí padà.