Bí Ẹ Ṣe Lè Fúnra Yín Ṣètò Ìrìn-Àfẹ́ ní Èbúté Òkèèrè, Kí Ọkọ̀ Má Fi Yín Sílẹ̀

Ẹni tí ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò ní Ìkòròdú lọ sí Èbúté-Èrò tàbí CMS mọ̀ pé bí èrò kò bá tíì kún, ọkọ̀ kì í tètè gbéra, àti pé bí a bá tẹ ọmọ ọkọ̀ láago pé a ti sún mọ́ èbúté, ó lè bá wa bẹ awakọ̀ kí ó ní sùúrù díẹ̀. Ìrètí yìí ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú bí àwọn ọmọ yín ní òkè òkun bá ní kí ẹ wá bá àwọn ṣe fàájì nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní cruise. Àkókò tí ọkọ̀ náà yóò gúnlẹ̀ sí èbúté kan àti èyí tí yóò fi kúrò níbẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú, atukọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà dúró de ẹni tí ó bá pẹ́ sórí ilẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ẹ lè bá ètò ìrìn-àfẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà lọ, ẹ sì lè wá amọ̀nà tiyín. Ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń wọ́n jù, wọ́n a sì kó èrò rẹpẹtẹ sínú bọ́ọ̀sì kan, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì náà bá pẹ́, ọkọ̀ yóò dúró dè é, tàbí kí ilé-iṣẹ́ náà ṣètò bí àwọn èrò yóò ṣe bá ọkọ̀ ní èbúté tó kàn. Ẹni tí ó wá amọ̀nà tirẹ̀ a máa rí ẹ̀dínwó, a sì máa jẹun níbi tó wù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, òun nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ Norwegian Dawn fi èrò mẹ́jọ sílẹ̀ ní São Tomé, erékùṣù kan ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà tí kò jìnnà sí wa, nítorí pé wọ́n pẹ́ níbi ìrìn-àfẹ́ tí wọ́n fúnra wọn ṣètò. Ọkọ̀ náà ṣì wà lójú omi nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn lọ bá a, síbẹ̀ a kò gbà wọ́n wọlé. Wọ́n wọ bàálù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí wọ́n lè bá a ní Gambia, ṣùgbọ́n omi kò gba ọkọ̀ náà láyè láti gúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì di Dakar ní Senegal kí wọ́n tó padà wọ inú rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ni wọ́n. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà fún Gambia àti Senegal, nítorí náà ojú ọ̀nà yẹn ì bá tilẹ̀ rọrùn fún wa díẹ̀. Ní Yúróòpù tàbí ní ọ̀pọ̀ erékùṣù Karibíánì, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún amọ̀nà kankan, ẹ wo físà yín. Bí físà Schengen yín, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí ọkọ̀ sì ti gbé yín jáde lọ sí Tọ́kì, físà náà ti parí nìyẹn, kò sì ní gbé yín wọ Gíríìsì padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àkókò tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Èyí yàtọ̀ sí àkókò tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ó sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a mú Róòmù. Ní Civitavecchia ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ sì jìnnà sí Róòmù tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Ká ní aago 7 alẹ́ ni ọkọ̀ yóò gbéra, tí wọ́n sì ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago 6 ààbọ̀, èmi yóò ní kí ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà èbúté ní aago 4 ààbọ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Róòmù a máa gbà tó wákàtí kan, ẹ ó sì tún rìn tàbí wọ bọ́ọ̀sì láti ibùdókọ̀ rẹ̀ dé èbúté. Ó túmọ̀ sí pé kò yẹ kí aago 3 ọ̀sán bá yín níbòmíràn ju inú ọkọ̀ ojú irin lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá tilẹ̀ pàdánù ọ̀kan, èyí tó tẹ̀ lé e yóò ṣì gbé yín dé. Ti Paris tí àwọn kan ń lọ láti èbúté Le Havre, tí ó tó 200 kìlómítà, ẹ bá bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lọ. Owó tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó ewu rẹ̀.

Fóònù ni ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bí ọkọ̀ tó ti Miami wá bá ń lo aago Miami lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò, aago erékùṣù náà yóò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti ọkọ̀. Fóònù yóò yí ara rẹ̀ padà sí ti ìlú láìbi yín léèrè, yóò sì máa sọ fún yín pé aago 3 ni ó lù nígbà tí ó ti di aago 4 nínú ọkọ̀. Ẹ de aago sí ọwọ́, kí ẹ yí i sí ti ọkọ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Ní àwọn ibòmíràn, bíi erékùṣù Santorini ní Gíríìsì, ọkọ̀ ńlá kì í dé etí omi. Ọkọ̀ kékeré ni ó ń gbé èrò lọ gbé èrò bọ̀. Àkókò ọkọ̀ kékeré tó kẹ́yìn ni kí ẹ dì mú níbẹ̀. Orí òkè ni Fira, ìlú tí èrò ń lọ wò níbẹ̀, wà, ẹ ó fi ọkọ̀ orí wáyà sọ̀kalẹ̀ tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin àtẹ̀gùn tí ó lé ní 500, bí ọkọ̀ ńlá mẹ́ta bá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìlà àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ orí wáyà lè gùn kọjá ohun tí ẹ rò. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ gbára lé àtẹ̀gùn náà.

Bí ẹ bá ń bá amọ̀nà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ fi orúkọ ọkọ̀ àti àkókò ìwọlé rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ wá bi í ní ibi gan-an tí yóò ti pàdé yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ èbúté kì í jẹ́ kí mọ́tò àjèjì wọlé. Ẹ bi í bí yóò ṣe dá owó yín padà bí ìjì bá mú kí ọkọ̀ fo èbúté náà, ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wà ní kíkọ. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ gbogbo owó ṣáájú, tí kò sì fẹ́ kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sọ fún amọ̀nà kí ó kọ́kọ́ gbé yín lọ sí ibi tí ó jìnnà jù, kí ó sì fi èyí tó sún mọ́ èbúté parí rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí, èyí tó kẹ́yìn ni ẹ ó gé kúrò.

Nínú àpò yín, ẹ mú káàdì tí ọkọ̀ fún yín láti fi wọlé, ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù àti ti físà, oògùn tí yóò tó yín ju ọjọ́ kan lọ, owó díẹ̀, àti nọ́ńbà aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní èbúté náà, tí ẹ ó rí nínú ìwé ètò ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ ń pín. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń pẹ́, aṣojú yìí ni kí ẹ pè nígbà tí ọkọ̀ kò tíì gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Bí ọkọ̀ bá sì ti lọ, ẹ lọ bá aṣojú náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a máa wá páspọ́ọ̀tù ẹni tí kò dé nínú yàrá rẹ̀, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún aṣojú náà kí ọkọ̀ tó ṣí.