Ẹ gbé kámẹ́rà wálẹ̀ kí ẹ tó ya ère ọmọ ogun kékeré

Ẹ kú ilé o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ya àwọn ère ọmọ ogun kékeré tí a ń kó jọ, ti Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865) láti òkè, fìlà nìkan ló sì ń hàn! Ẹ gbé fóònù wálẹ̀ títí lẹ́ǹsì yóò fi bá ojú wọn dọ́gba. Èyí tó ga ní mìlímítà 54 á dà bí èèyàn gidi lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sún mọ́ wọn jù: imú á hàn kedere, ìbọn á ṣe bàìbàì. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ wá gé etí àwòrán náà tó bá yá. Ẹni tó ní kámẹ́rà gidi, kó lo f/11 (ihò lẹ́ǹsì tó kéré, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè hàn kedere) àti táímà, kí ọwọ́ má bàa mi kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tí kọ́tìnì funfun bò ni mo fẹ́ràn jù; fíláàṣì ń mú kí ọ̀dà dán jù. Tó bá jẹ́ ère àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti ẹgbẹ́ ogun 54th Massachusetts, tó jà ní odi Fort Wagner lọ́dún 1863, ẹ gbé bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sí ojú wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà á sọ ọ́ di òkùnkùn.

Àwọn àtijọ́ tí wọ́n fi òjé ṣe ńkọ́? Ẹ má kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù igi óòkù. Ásíìdì inú igi náà ń jẹ òjé di lẹ́búlẹ́bú funfun. Ẹ má tún wọn kùn o, owó lẹ ń dà nù yẹn. Òjé lóró, torí náà ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.