Ìwádìí tí wọ́n ní ká san dọ́là ká tó kà: ibo la ti lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mò ń wá ìwádìí lórí sickle cell torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ọ̀kan lórí Google, abstract nìkan, ìyẹn àkópọ̀ rẹ̀, ni wọ́n jẹ́ kí n kà, ìyókù wọ́n ní kí n mú dọ́là wá.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o. Àwọn tó ń tẹ jọ́nà yẹn, ìyẹn ìwé tí wọ́n ti ń gbé ìwádìí jáde, ló tì í pa, ìwádìí kan náà lè wà níbòmíì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ da àkọlé rẹ̀ sínú Google Scholar, ẹ̀ka Google tó wà fún wíwá ìwádìí, tẹ́ ẹ bá rí PDF lápá ọ̀tún ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ò bá sí, ẹ tẹ "All versions" nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ẹ tún yẹ PubMed Central wò, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwádìí ìlera sí lọ́fẹ̀ẹ́, ti ìjọba Amẹ́ríkà nìyẹn, àtọdún 2000 ló ti wà. Láti 2008 ló ti di dandan kí ẹni tó bá fowó NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, ṣe ìwádìí fi síbẹ̀, owó aráàlú kúkú ni, àmọ́ wọ́n ṣì lè fi oṣù 12 dá a dúró, ìyẹn ò sí mọ́ fún èyí tí jọ́nà bá gbà láti July 2025.

Ìbéèrè: Mo ti wò gbogbo ẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ fi Unpaywall, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́, sórí Chrome yín, tí àgádágodo aláwọ̀ ewé bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti bá yín rí i nìyẹn. Tí ò bá yọ, ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ìwádìí náà, àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlà méjì ti tó. Kọ́bọ̀ ò wọ àpò rẹ̀ nínú owó tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín yẹn, inú ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ òun.

Ìbéèrè: Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ yìí, ṣé kì í ṣe jìbìtì?

Ìdáhùn: Rárá. Malaria Journal, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, àwọn onímọ̀ sì ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ tàbí àwọn tó gbówó ìwádìí sílẹ̀ ló sábà ń sanwó títẹ̀. Àmọ́ àwọn oníjìbìtì ò ṣàìsí o, wọ́n á gbowó, wọn ò ní yẹ nǹkan kan wò, torí náà ẹ wá orúkọ jọ́nà náà lórí DOAJ, ìkànnì tó to orúkọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá sì rí "preprint" lórí rẹ̀, bíi ti ìkànnì medRxiv, àwọn onímọ̀ ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bíi ti jọ́nà nìyẹn, ẹ lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ yí oògùn ọmọ padà láìbi dókítà.